Ìyàwó Tí Ààfin Yàn Fúnni: Ṣé Ìfẹ́ Lè Hù Níbẹ̀?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kó pọ̀ sójú kan lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń bi mí láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ti gé wọn kúrú díẹ̀ kí àyè lè gbà wá, mo sì ti yọ ohunkóhun tí ó lè mú kí a dá àwọn tí ó kọ wọ́n mọ̀.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa. Mo fẹ́ràn ìwé ìtàn ìfẹ́ púpọ̀, pàápàá èyí tí ó dá lórí àwọn ọba ilẹ̀ aṣálẹ̀. Bákan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń rí: wọ́n á fa ọmọbìnrin kan lé ọba lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìjọba, ọmọbìnrin náà á kọ́kọ́ sunkún, ṣùgbọ́n kí ìwé tó parí, ìfẹ́ á ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé kò sí ọba tí ó fẹ́ràn ìyàwó tí wọ́n yàn fún un rí. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí lójú ayé?
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kò sì tíì pẹ́ tó ohun tí a lè pè ní àlọ́. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ni Abdulaziz ibn Abdulrahman Al Saud, ọba tí ó dá ìjọba Saudi Arabia sílẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Jawhara bint Musaed.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo irú ilẹ̀ tí ó jẹ́. Ìdílé Rashid, tí ó fi Ha'il ṣe olú-ìlú, ti lé bàbá Abdulaziz kúrò ní Riyadh, Kuwait sì ni ọmọ náà ti gbọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 1902, òun àti ìwọ̀nba ọkùnrin díẹ̀ yọ́ wọ Riyadh lóru, wọ́n pa gómìnà tí àwọn Rashid fi sí odi Masmak, ìlú sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba Riyadh kò tíì gba Najd, ìyẹn àárín gbùngbùn Arabia, níbi tí àwọn darandaran ràkúnmí ti ń ṣí kiri tẹ̀lé omi àti koríko, tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sì ní olórí tirẹ̀. Idà nìkan kò lè mú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró. Ẹ̀yà tí ọba ṣẹ́gun lónìí lè dìtẹ̀ lọ́la, àfi bí ọmọ wọn bá di ìyàwó ọba, tí ọmọ tí obìnrin náà bí sì di ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí Abdulaziz fi fẹ́ ìyàwó tí ó lé ní 20 ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ó sì bí ọmọkùnrin tí ó lé ní 40, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí òfin Ìsìláàmù ṣe là á sílẹ̀.

Inú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni Jawhara bá wọlé. Ní nǹkan bí ọdún 1908 ni wọ́n so yìgì wọn, ìyá Abdulaziz, Sara al-Sudairi, ni ó sì ṣètò rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yà àjèjì ni wọ́n fẹ́ fi ìgbéyàwó yìí fà mọ́ra, ẹ̀ka ìdílé wọn gan-an ni, nítorí pé Jiluwi, tí wọ́n fi ń pe ìdílé Jawhara, jẹ́ àbúrò bàbá bàbá Abdulaziz. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Jiluwi, Abdullah, wà lára àwọn tí ó bá Abdulaziz wọ Riyadh lóru ọjọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìdílé tí ó bá ni kú síwájú odi ìlú kì í ṣe ìdílé tí ọba máa jẹ́ kí ó jìnnà sí òun.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbátan yìí á ṣe ọ̀pọ̀ nínú yín bákan. Yorùbá kì í fẹ́ ìbátan; nígbà tí àwọn òbí bá ń wádìí kí wọ́n tó gba ìtọrọ, ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹ̀jẹ̀ má ti pa ọmọ méjèèjì pọ̀. Ní Najd ayé ìgbà yẹn, òdì kejì ni. Ọmọ arákùnrin bàbá ọmọbìnrin ni ó kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bí ó bá sì wù ú, ó lè dí ọ̀nà mọ́ àwọn mìíràn tí ń bọ̀. Lójú tiwọn, ààbò ni èyí jẹ́ fún ọmọbìnrin, nítorí pé ilé ọkọ tí ó ń lọ kò yàtọ̀ sí ilé bàbá rẹ̀, àwọn tí yóò sì gbèjà rẹ̀ bí ọkọ bá hùwà àìdáa wà nínú ọgbà kan náà.

Ètò dúró síbẹ̀. Ohun tí ó wá hù láàrin àwọn méjèèjì kì í ṣe ohun tí Sara al-Sudairi lè fi ọwọ́ gbìn. Jawhara bí Muhammad ní 1910, ó bí Khalid ní 1913, Khalid yìí ni ó sì jọba Saudi Arabia láti 1975 sí 1982. Àwọn ọdún tí ó fi wà nílé Abdulaziz jẹ́ ọdún ogun. Ní 1913 ni ọkọ rẹ̀ gba al-Hasa, ní ìhà ìlà-oòrùn Arabia, lọ́wọ́ àwọn Tọ́kì. Ní oṣù kìíní 1915 ni òun àti àwọn Rashid pàdé ní Jarrab, ogun náà kò sì yọrí sí rere fún un. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ọba tí ó jókòó sórí góòlù bíi ti inú ìwé ìtàn. Kò tíì sí epo rọ̀bì nígbà náà, ilé alámọ̀ ni ààfin, ẹni tí ó bá sì jáde lọ sójú ogun láàárọ̀ kò mọ̀ bóyá òun á tún padà wọ ẹnu ọ̀nà náà. Lójú tèmi, inú lílọ àti bíbọ̀ yẹn ni ìfẹ́ wọn ti rí omi mu.

Orúkọ Jawhara túmọ̀ sí òkúta iyebíye. Ní 1919, àjàkálẹ̀ àrùn ibà òun ọ̀fìnkìn líle tí ó yí gbogbo ayé ká, èyí kan náà tí ó ti wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1918, dé Riyadh. Àwọn ará Najd pe ọdún náà ní Ọdún Àánú, nítorí pé àdúrà àánú fún òkú ni ó kún ẹnu gbogbo ènìyàn. Turki, àkọ́bí Abdulaziz, kú. Jawhara náà kú.

Nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Muhammad Asad, oníròyìn tí ó jẹ́ ọmọ Júù láti ilẹ̀ Austria kí ó tó gba Ìsìláàmù ní 1926, tí ó sì ti di ẹni tí ọba ń bá jókòó sọ̀rọ̀, jẹ́rìí sí i pé títí di ìgbà náà, ọ̀fun ọba a máa dí bí ó bá fẹ́ dárúkọ Jawhara. Ọba sọ fún un pé nígbà ayé obìnrin náà, bí ayé bá ṣú mọ́ òun lójú, tí òun kò sì rí ọ̀nà àbáyọ nínú ewu, òun a jókòó, òun a kọ ewì fún Jawhara, bí òun bá sì kọ ọ́ tán, ojú òun a là, òun a mọ ohun tí ó kàn láti ṣe.

Èmi gba ẹ̀rí yìí gbọ́. Ohun tí òṣèlú ń wá nínú ìgbéyàwó náà, ọwọ́ ọba ti tẹ̀ ẹ́ tipẹ́: ó ti bí ọmọ, ìdílé Jiluwi ti di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò sí èrè kankan tí ó kù nínú kí ó máa ṣọ̀fọ̀ ìyàwó tí ó ti kú lọ́dún mẹ́tàlá sẹ́yìn lójú ẹni tí ó wá láti òkè òkun, pàápàá ní àwùjọ tí ọkùnrin kì í ti í dárúkọ ìyàwó rẹ̀ níta. Ọ̀fọ̀ tí kò mú nǹkan wọlé fún ẹni tí ń ṣe é, ọ̀fọ̀ òtítọ́ ni.

Níbì kan ṣá, ẹ̀gbọ́n yín ní ohun tí ó rí. Ewì tí ọba kọ ni a gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Ohùn Jawhara fúnra rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnu ọkọ ni a ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Nínú ìwé tí ẹ ń kà, obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ohun tí ó dùn ún àti ohun tí ó dùn mọ́ ọn. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ máa wá bí ẹ bá ń ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀: kì í ṣe bóyá ọba rọ̀ lọ́kàn nìkan, bí kò ṣe bóyá wọ́n jẹ́ kí ìyàwó lanu.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Mo jẹ́ àgbàlagbà tí ó ní ìyàwó méjì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń sọ ìtàn àwọn ọba Lárúbáwá àti ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìyàwó kan báyìí. Ìbéèrè mi ni pé, ọkùnrin tí ó fẹ́ ogún obìnrin, tí ó sì fẹ́ràn ẹyọ kan nínú wọn, ṣé ìfẹ́ ni ẹ máa pe ìyẹn? Kí sì ni ìpín àwọn tí ó kù?
Òǹkàwé yín, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN

Ẹ̀yin bàbá wa, ìbéèrè tí ó ṣòro ni, n kò sì ní gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ní ti Jawhara, mo ti sọ pé ìfẹ́ ni mo pè é. Mo tún fẹ́ kí ẹ wo obìnrin mìíràn nílé ọba kan náà, ẹni tí ìtàn tirẹ̀ máa ń yà mí lẹ́nu ju ti Jawhara lọ. Hassa bint Ahmad al-Sudairi ni orúkọ rẹ̀, láti ìdílé tí ìyá Abdulaziz ti wá. Ní nǹkan bí 1913 ni Abdulaziz fẹ́ ẹ. Nígbà tí ó yá, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Hassa lọ fẹ́ Muhammad ibn Abdulrahman, tí ó jẹ́ ọmọ bàbá kan náà pẹ̀lú Abdulaziz, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Ìgbéyàwó yẹn náà tú ká, Abdulaziz sì padà wá fẹ́ Hassa lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn ìpadàbọ̀ yìí ni ó tó bí Fahd ní 1921, lẹ́yìn náà ni ó bí Sultan, Abdulrahman, Nayef, Turki, Salman àti Ahmad, yàtọ̀ sí àwọn ọmọbìnrin: ọmọkùnrin méje láti inú ìyá kan, tí ayé wá ń pè ní Sudairi Méje. Fahd jọba láti 1982 sí 2005, Salman sì gorí oyè ní 2015. Ilé Abdulaziz ni Hassa wà títí ọba fi wàjà ní oṣù kọkànlá ọdún 1953.

Bí mo ṣe rí i ni pé ní ìgbà àkọ́kọ́, ìdílé Sudairi ni Abdulaziz fẹ́. Ní ìgbà kejì, Hassa ni ó fẹ́. Okùn tí ó so ilé méjèèjì pọ̀ kò já rí, nítorí pé ìyá tí ó bí ọba ni okùn náà, kò sì sí ohun tí ó fi dandan lé e pé kí ó tún lọ tọrọ obìnrin tí ó ti kọ̀, tí ó sì ti bímọ fún arákùnrin rẹ̀. Ẹ mọ̀ bí ojú ti máa ń ti ọkùnrin tó láti padà síbi tí ó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, kí a má tíì wá sọ ti ọba. Ó padà, ó sì tọ́jú ohun tí ó padà sí fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ìpín àwọn tí ó kù, inú mi kò dùn láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn tí Ha'il bọ́ sí Abdulaziz lọ́wọ́ ní 1921, ó fẹ́ Fahda bint Asi al-Shuraim, ọmọ ìdílé ńlá nínú ẹ̀yà Shammar. Opó ni Fahda. Saud al-Rashid, ọba Ha'il tí wọ́n pa ní 1920, ni ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Fahda bí Abdullah, tí ó jọba láti 2005 sí 2015, ìgbéyàwó náà sì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ó mú kí àwọn Shammar rí ara wọn nínú ilé tí ó ṣẹ́gun wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni tí ó kọ ewì kankan sílẹ̀ fún wa nípa Fahda.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1914, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì arìnrìn-àjò tí ń jẹ́ Gertrude Bell wọ Ha'il, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan láìjẹ́ kí ó jáde. Àwọn obìnrin ààfin ni ó bá sọ̀rọ̀ jù lásìkò náà. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ nípa wọn burú létí: ó ní láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni àwọn obìnrin náà ń lọ, pé ẹni tí ó bá ṣẹ́gun ni ó ń gbà wọ́n, bí ẹ̀jẹ̀ ọkọ àti ọmọ wọn tilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Àwa náà mọ opó ṣíṣú nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹbí olóògbé ni ó ń ṣú opó, kì í ṣe apànìyàn. Bí ẹ bá rí ìwé ìtàn tí ó sọ pé ọba aṣálẹ̀ kan pa ọkọ obìnrin, tí obìnrin náà sì wá fẹ́ràn rẹ̀ kí oṣù tó parí, ẹ rántí àwọn obìnrin Ha'il.

Nítorí náà, bẹ́ẹ̀ ni, ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ẹnì kan láti fún ẹni tí ó bá wù ú ni. Ìfẹ́ tí ọba ní sí Jawhara kò kan ìyàwó kejì lóore kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó méjì mọ èyí jù mí lọ, ẹ sì mọ̀ pé Kùránì pàṣẹ pé kí ọkùnrin tí ń bẹ̀rù pé òun kò ní lè ṣe déédéé dúró lórí ẹyọ kan.

Kí n má bàa fi ojú òkùnkùn nìkan hàn yín, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ẹ̀gbọ́n Abdulaziz obìnrin, Noura bint Abdulrahman, tí wọ́n bí ní 1875. Abdulaziz fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ni ó fi ń yangàn lójú ogun: èmi arákùnrin Noura! Ọkọ Noura ni Saud al-Kabir, ọmọ ẹ̀ka ìdílé tí ó bá Abdulaziz du oyè, ìgbéyàwó wọn sì di afárá láàrin ẹ̀ka méjèèjì. Òṣèlú pọ̀ nínú tirẹ̀ náà, síbẹ̀ wọ́n wà pọ̀ títí Noura fi kú ní 1950. Ẹni tí ọba ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn, kò sí ọkọ tí yóò kà á sí ẹrù tí wọ́n fi ṣọwọ́. Ohun tí mo rí nínú ìyàtọ̀ láàrin Noura àti àwọn obìnrin Ha'il nìyẹn. Wọ́n yan ọkọ fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n Noura ní ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ní ẹnu. Yunifásítì àwọn obìnrin ní Riyadh ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí.

LẸ́TÀ KẸTA

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo ń parí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá mi àti ọ̀rẹ́ wọn kan ti sọ̀rọ̀ mọ́ mi lórí pé ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ wọn ni kí n fẹ́. Ilé ọba ni wọ́n ti wá, inú bàbá mi sì dùn gidigidi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo tíì rí ọmọkùnrin náà. Kò ṣe ohun tí ó burú sí mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ní ìfẹ́ á dé bí ó bá yá. Ṣé lóòótọ́ ni pé ó máa ń dé?
Ọmọ yín, Ìwó.

ÌDÁHÙN

Wàálékùm sàlámù, ọmọ mi. Kì í dé fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí o ka ìtàn méjì tí mo fẹ́ sọ yìí pa pọ̀.

Èkíní ni ti Faisal, ọmọ Abdulaziz tí mo sọ ìtàn rẹ̀ lókè, àti Iffat al-Thunayan. Ìbátan ni wọ́n, nítorí pé baba ńlá Iffat, Abdullah ibn Thunayan, jọba ní Riyadh fún ìgbà díẹ̀ láàrin 1841 sí 1843, ṣùgbọ́n Istanbul ni wọ́n ti tọ́ Iffat dàgbà. Ní 1932 ni Faisal fẹ́ ẹ. Ìgbéyàwó yìí kò rí bíi ti Jawhara, tí ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ ṣètò, bẹ́ẹ̀ ni Iffat kọ́ ni ìyàwó tí Faisal kọ́kọ́ fẹ́. Ìdí tí mo fi mú un wá ni pé àjèjì pátápátá ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn ní ọjọ́ tí wọ́n wọ ilé kan náà. Èdè Tọ́kì ni Iffat ń sọ, Lárúbáwá ni Faisal ń sọ. Ìtàn tí ó gbajúmọ̀ jù nípa wọn ni pé ọkọ kọ́ ìyàwó ní Lárúbáwá, ìyàwó sì kọ́ ọkọ ní èdè Tọ́kì. Fojú inú wo ọmọ ọba tí ń ṣàkóso gbogbo Hejaz, ìyẹn ìhà ìwọ̀-oòrùn Arabia níbi tí Mẹ́kà wà, fún bàbá rẹ̀, tí ó tún jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, tí ó jókòó sílé lálẹ́, tí ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń tún un ṣe fún un. Ọkùnrin tí ó gbà kí ìyàwó rẹ̀ kọ́ òun ní nǹkan ti ṣí ilẹ̀kùn kan tí ààfin kò lè bá a ṣí.

Ohun tí ó ti ilẹ̀kùn yẹn wọlé pọ̀. Wọ́n bí ọmọ mẹ́sàn-án. Ní 1942, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Taif. Ní 1955, Iffat dá Dar al-Hanan sílẹ̀ ní Jeddah fún àwọn ọmọbìnrin, nígbà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kò tíì ní ilé ẹ̀kọ́ kankan fún wọn. Ọdún 1960 ni ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọkùnrin Buraydah fárígá pé àwọn kò fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin nílùú àwọn, Faisal kò jẹ́ kí wọ́n tì í pa. Ó jọba láti 1964 títí wọ́n fi yìnbọn pa á ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1975, Iffat sì wà láyé títí di ọdún 2000. Bí mo bá ń ronú nípa ìfẹ́ tí ó hù nínú ilé ọba, iṣẹ́ tí àwọn méjì yìí jọ gbà gbọ́ ni mo máa ń rántí, ju ewì lọ.

Ìtàn kejì ni ti Ọba Hussein ti Jordan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ní oṣù kẹrin 1955, nígbà tí ó fẹ́ Dina bint Abdul-Hamid. Bí àgbà bá jókòó láti wo ohun tí ó yẹ nínú ìgbéyàwó, kò sí ohun tí wọn ò ní rí níbẹ̀: ìdílé Hashim kan náà ni, ìdílé tí ó ṣẹ̀ wá láti ara Ànábì, Dina ti kàwé ní Cambridge, ó sì ti jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Cairo, Zein, ìyá ọba, fọwọ́ sí i. Dina fi nǹkan bí ọdún mẹ́fà dàgbà ju ọba lọ. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Alia, ní 1956. Ní 1957, ìgbéyàwó náà ti tú, wọn kò sì jẹ́ kí Dina fojú kan ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kí o má sì rò pé nítorí pé àgbà fọwọ́ sí i ni ó fi tú. Ní 1961, Hussein fúnra rẹ̀ lọ yan ọmọbìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Toni Gardiner, láìka ìmọ̀ràn àwọn tí kò fẹ́ ẹ sí, ìyẹn náà sì tú lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ṣé o rí i pé kì í ṣe ẹni tí ó yan ọkọ fúnni ni gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa náà mọ̀ ọ́n, wọ́n ní bí ọkọ bá mojú ìyàwó tán, alárenà á yẹ̀bá. Alárenà yóò yẹ̀bá, ọmọ mi. Bàbá rẹ àti ọ̀rẹ́ wọn yóò jẹ àsè ìgbéyàwó tán, wọn yóò lọ sílé, ìwọ àti ọmọkùnrin tí o tíì rí lẹ́ẹ̀mejì péré ni yóò kù nínú yàrá. Ohun tí ó yẹ kí o mọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà ni bóyá ọmọkùnrin yìí jẹ́ ẹni tí ó lè gbọ́ ohun tí kò mọ̀ lẹ́nu rẹ, kí ó má sì bínú. Orúkọ ilé ọba kò lè sọ èyí fún ọ. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ọ́, ìgbà méjì péré kò sì tó.

O lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún èyí nínú ẹ̀sìn rẹ. Ànábì sọ pé a kò gbọdọ̀ so yìgì ẹni tí ó ti lọ́kọ rí láìgbọ́ àṣẹ láti ẹnu rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ so ti wúńdíá láìtọrọ ìyọ̀ǹda rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì ni ìyọ̀ǹda. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí pa ọmọbìnrin lẹ́nu mọ́. Ìtìjú ni hádíìsì náà ń sọ, kò sọ ìbẹ̀rù. Ní Saudi Arabia gan-an, ní 2005, Mùfútì Àgbà ilẹ̀ náà, Abdulaziz Al al-Sheikh, kéde pé fífi ipá fún obìnrin lọ́kọ lòdì sí Ìsìláàmù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìwà ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ ni kí ọmọbìnrin béèrè ọ̀rọ̀, jẹ́ kí ó mọ̀ pé ilẹ̀ tí àwọn ọba aṣálẹ̀ náà wà ni wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀.

N kò ní kí o kọ ọmọkùnrin náà. O fúnra rẹ sọ pé kò ṣe ohun tí ó burú sí ọ, bàbá rẹ sì lè ti rí ohun rere lára rẹ̀ tí ìwọ kò tíì rí. Kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ, kí o bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì máa jókòó sọ̀rọ̀, kí àǹtí rẹ kan wà nítòsí, fún oṣù mélòó kan kí wọ́n tó mú ọjọ́. Sọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ò ń kọ́ fún un, kí o sọ bí òru ṣe máa ń rí ní ilé ìwòsàn, kí o sì wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń gbọ́ tàbí ó ń dúró de ìgbà tí o máa dákẹ́. Bi í ní ohun tí ó ń bà á lẹ́rù nínú ìgbéyàwó yìí, nítorí pé wọ́n yan ìyàwó fún òun náà. Bí ó bá fẹ́ kí o fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀, ìgbà tí wọn kò tíì so yìgì ni kí o ti gbọ́ ọ, níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, kì í ṣe lẹ́yìn tí o ti bí ọmọ méjì. Bí ìyá rẹ bá wà láyé, ọ̀dọ̀ wọn ni kí o kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ kí o tó kúnlẹ̀ fún bàbá, wọ́n á mọ irú ọjọ́ tí inú bàbá máa ń yọ́.

Bí o bá ti bá a sọ̀rọ̀ bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kọ̀wé sí mi. Má kọ bí ó ṣe rẹwà tó tàbí irú ọkọ̀ tí ó gbé wá. Kọ ohun tí ó bi ọ́ nípa ara rẹ.